Kọ́ńdọ̀mù inú àpò ṣòkòtò kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ àbúrò mi méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 17, obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 15. Níbi tí mo ti fẹ́ fọ aṣọ ọkùnrin ni mo ti bá kọ́ńdọ̀mù nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Gbogbo ara mi ló gbọ̀n. Obìnrin ní tiẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu, kì í rìnrìn òru. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́, tiẹ̀ ra fóònù tuntun fún un torí pé ó ń ṣe dáadáa níléèwé. Ẹ̀rù HIV ló ń bà mí. Ṣé ẹgbẹ́ burúkú àti ohun tí wọ́n ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ti àwọn ọmọ sínú ewu yìí? Bí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa kọ́ńdọ̀mù, ṣé kì í ṣe pé mo ti fún wọn láṣẹ nìyẹn? Ṣé kí n kó wọn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí a ń wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tí èèyàn bí gan-an kò rọrùn láti tọ́ lásìkò yìí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àbúrò ẹni. Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù ló gba ọkàn yín. Ti fóònù, ẹ kàn sọ ọ́ kọjá ni. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù yẹn kò já mi láyà. Fóònù ló já mi láyà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ti ọkùnrin kúrò nílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tó ní kọ́ńdọ̀mù lápò lè ti máa ní ìbálòpọ̀, ó sì lè má tíì mọ obìnrin rí. Àwọn ọmọkùnrin mìíràn a máa gbé ẹyọ kan ṣoṣo kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣáà lè rí i pé àwọn náà ti dàgbà. Èyí ó wù kó jẹ́, ọmọ yín ti ń ronú nípa bó ṣe máa dáàbò bo ara rẹ̀, ó sì sàn ju ọmọ tí kò ronú rárá lọ. Àpò ṣòkòtò yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ooru ara àti ìjókòó máa ń ba rọ́bà náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa dọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó, ó lè ya. Òróró àti ìpara náà máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá rẹ̀, bóyá ó ti kọjá. Mo mọ̀ pé irú ìdáhùn tí ẹ ń retí kọ́ nìyí.

Ó kan obìnrin.

Mi ò mọ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ tó ra fóònù, mi ò sì ní ba ẹni tí n kò mọ̀ lórúkọ jẹ́. Ó lè jẹ́ inúure lásán. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju òje lọ. Ọkùnrin tó ń gbowó oṣù, tí kò bá ọmọ tan, tó wá fún ọmọ ọdún 15 ní ẹ̀bùn olówó gọbọi, ó yẹ kí alágbàtọ́ ọmọ náà mọ ohun tó ń wá kó tó bá a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí kòkòrò HIV fara pamọ́ sí ló jẹ́ kí n máa sọ báyìí, n kò tíì débi ọ̀rọ̀ ìwà ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 2017, Tulio de Oliveira àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n yẹ àbùdá kòkòrò tó wà lára àwọn èèyàn wò, wọ́n wo èyí tó jọra, wọ́n sì fi ìyẹn tọpasẹ̀ bí ó ṣe ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin tó ń kó o ran obìnrin tí kò tíì pé ọdún 25 fi nǹkan bí ọdún 8.7 ju àwọn obìnrin náà lọ, tí a bá pín in dọ́gba. Ọ̀dọ̀ obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin náà ti kó o ní tiwọn. Ọmọbìnrin tó sì kó o lónìí, tí kò mọ̀, tí kò gba ìtọ́jú, á dàgbà di ara àwọn obìnrin yẹn lọ́la. Bó ṣe ń yí po nìyẹn, láti ìran kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ wá fi wé ọmọ ọdún 15 pẹ̀lú ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n lọ ṣe é o. Oyún ṣì wà níbẹ̀, àrùn mìíràn náà wà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ méjì tí kò tíì mọ ẹlòmíràn rí bá bá ara wọn sùn, àfi bí wọ́n bá bí HIV mọ́ ọ̀kan nínú wọn, tàbí kó ti kó o láti inú ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́, ibo ni kòkòrò ti máa wọlé? Ọmọ méjì yìí ni àwọn òbí máa ń lé kiri. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá ju ọmọ lọ, tó ń kí wọn tìtẹríba tìtẹríba, wọ́n á fún un ní àga.

UNAIDS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ éèdì fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ lọ́dún 2021 pé, ní Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 15 sí 19 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó HIV, 6 ló jẹ́ obìnrin. Bí Ọlọ́run ṣe dá wọn wà lára ohun tó fà á, torí ẹnu ilé ọmọ ọ̀dọ́langba kò tíì gbó, ó sì tètè máa ń gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ara nìkan ni, ìbá má pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwa àgbà lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tí a ń kọ́ ọmọbìnrin. Má já àgbà lẹ́nu. Má wo àgbà lójú. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, mọ oore. Ẹ̀kọ́ tó dáa ni, èmi náà ń kọ́ àwọn tèmi bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni ọkùnrin àgbà máa lò nígbà tó bá ní òun kò fẹ́ rọ́bà. Ọmọ tí kò lè sọ fún àgbàlagbà pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí rédíò yẹn sílẹ̀,” báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún un pé kó wọ kọ́ńdọ̀mù? Fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ, dátà inú rẹ̀ kò wá láti ọ̀run, ó sì ti mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Bó bá tiẹ̀ lanu béèrè, ọkùnrin náà á bi í bóyá kò fọkàn tán òun ni, tàbí ibo ló ti kọ́ irú ìyẹn. Ẹnu ọmọ á pa. Mo ti jókòó ti àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíléńìkì. Gbogbo wọn ló mọ kọ́ńdọ̀mù, wọ́n mọ bí HIV ṣe ń ràn, wọ́n lè kà á fún yín láìfi kan pe méjì. Agbára àtisọ ọ́ lójú ẹni náà ni wọn kò ní.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún un, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ fáwọn ọmọ. Lọ́dún 2004, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Pascaline Dupas, dán nǹkan wò ní àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà. Ní àwọn iléèwé kan, wọ́n dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀kọ́ HIV tí ìjọba là sílẹ̀, èyí tó tẹnu mọ́ ọn pé kí ọmọ sá fún ìbálòpọ̀ títí dìgbà ìgbéyàwó. Ní àwọn iléèwé mìíràn, ẹnì kan kàn wọ kíláàsì fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọ ọ́ sójú pátákó: ọkùnrin ní ọjọ́ orí báyìí, èèyàn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ní HIV, obìnrin ní ọjọ́ orí báyìí, èèyàn mélòó. Àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i pé ọmọkùnrin ẹgbẹ́ wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in, àgbà ọkùnrin ló ní in. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oyún láàárín àwọn ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì yẹn dín ní ìpín 28 nínú 100. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sáà sá fún un, oyún tiwọn kò dín. Ìgbà tí ọmọ mọ ibi tí ewu wà gan-an ló mọ ẹni tó yẹ kóun yà fún.

Ẹ béèrè nípa ẹgbẹ́ burúkú. Ẹgbẹ́ ní agbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń rò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ọmọ rò pé àwọn yòókù ń ṣe ló ń tì í. Àwọn ọmọkùnrin máa ń pa irọ́ fún ara wọn nípa obìnrin, ẹni tí kò sì tíì ṣe nǹkan kan á rò pé òun nìkan ló kù sẹ́yìn. Òun náà á pa irọ́ tirẹ̀. Irọ́ ọ̀hún ló ń sáré, àwọn ọmọ ń lé e. Ọtí máa ń dá kún un, torí ọmọ tó ti pinnu ní ọ̀sán lè gbàgbé ìpinnu rẹ̀ ní alẹ́ tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò oníhòòhò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kọ́ńdọ̀mù hàn, kì í sì í fi hàn pé ẹnì kan béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnì kejì, èyí sì burú. Síbẹ̀, orí fóònù kan náà ni ọmọ ti ń béèrè ìbéèrè tí kò lè bi yín. Bí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìbéèrè náà ò lọ síbì kankan.

Ohun tí a kì í ka sí ewu ni ìdákẹ́ wa. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní mọ ọkùnrin tàbí obìnrin títí dìgbà ìgbéyàwó. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2005 fi hàn pé ọ̀pọ̀ wọn kò pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́, àrùn ìbálòpọ̀ tó wà lára wọn kò sì yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò jẹ́jẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n sì kọ́kọ́ ní ìbálòpọ̀, kò dájú pé wọ́n á lo kọ́ńdọ̀mù tó àwọn yòókù. Ó yé mi. Ẹni tó bá ra kọ́ńdọ̀mù ti gbà pé òun fẹ́ dẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá “ṣèèṣì” ṣe é, kò mọ̀ọ́mọ̀. Níbi tí wọ́n sì ti fi ìbálé ṣe gbogbo iyì ọmọbìnrin, àwọn ọmọ kan máa ń gba ojú ihò ìdí kí ìbálé má bàa lọ. Ojú ọ̀nà yẹn ni HIV fi ń ràn jù nínú gbogbo ìbálòpọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pè é.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn ọmọkùnrin tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin, inú bí ẹnikẹ́ni, kó bí i. Ní Amẹ́ríkà àti ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó HIV. Ọmọ tó mọ̀ pé wọ́n á lé òun jáde nílé bí òun bá sọ̀rọ̀ kò ní bi yín ní nǹkan kan, kò ní lọ sí kíléńìkì tí ojúlùmọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì ṣàánú rẹ̀ ló máa tẹ̀ lé.

Ìdẹ́yẹsí pẹ̀lú. Lọ́dún 1985, iléèwé kan ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, kọ̀ kí Ryan White wọlé torí pé ó ní éèdì. Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n rí i lára rẹ̀, nínú oògùn tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe tó ń gbà fún àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dá ló ti kó o. Ọmọ tí kò mọ obìnrin rí! Síbẹ̀ wọ́n sá fún un, ó sì kú lọ́dún 1990. Láti ìgbà náà, oògùn tó múná dóko ti dé, ẹni tó bá sì ń lò ó déédéé títí tí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹni tó bá bá lò pọ̀. Ojú tí a fi ń wo àrùn náà ni kò kúrò níbi tó wà. Bí ọmọ yín bá gbọ́ tí ẹ ń sọ nípa ẹnì kan pé “ó ti lọ kó àrùnkárùn,” ó ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹ̀yin kọ́ ni òun máa sọ fún.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ kò jọ ọ̀rọ̀ HIV rárá: ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí pẹ́ níléèwé. Lọ́dún 1996, Botswana yí ètò iléèwé girama padà, àwọn ọmọ púpọ̀ sì wá ń lo ọdún kan sí i. Àwọn olùwádìí wo àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ní ọdún iléèwé kọ̀ọ̀kan tó lé sí i dín ewu HIV kù láti nǹkan bí èèyàn 25 nínú 100 sí nǹkan bí 17, àǹfààní àwọn obìnrin sì ga jù. Ní Zomba, ní Màláwì, wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin àti ẹbí wọn ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù 18, láàárín àwọn tó ṣì wà níléèwé nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ìpín 1.2 nínú 100 ló ní HIV lára àwọn tó gbowó, ó sì jẹ́ 3.0 lára àwọn tí kò gbà. Wọ́n dán ọ̀nà owó yìí wò ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn náà, owó náà fúnra rẹ̀ kò dín HIV kù níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń lọ síléèwé déédéé kò kó o tó àwọn tó ń pa á jẹ. Nítorí náà, páàdì, owó ọkọ̀, dátà, ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ yín ló ti ń rí wọn gbà, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má pè é sí pálọ̀ kí ẹ jókòó kọjú sí i bí adájọ́. Ẹ sọ ọ́ níbi tí ọwọ́ yín méjèèjì ti dí, tí ojú kò ti ko ojú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ṣé o ti ń ṣe nǹkan kan?” torí “rárá” ló máa sọ. Ẹ bi í pé: “Ṣé ẹ̀gbọ́n yẹn ti sọ ohunkóhun fún ọ rí, tó wá ní kó o má sọ fún mi?” Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá pẹ́ kó tó fèsì, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Ẹ fi kún un pé ohun yòówù kó sọ, ẹ kò ní gba iléèwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Bí fóònù náà bá ní láti padà, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ dá a padà, ẹ má rán ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá ẹ̀bùn, ẹ rántí pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àgbàlagbà tó bá ọmọ ọdún 15 lò pọ̀ ti lu òfin, kódà bí ọmọ bá ní òun fẹ́.

Ohun kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ó bá jẹ́wọ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn kan wà tó lè dènà HIV bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Bí wọ́n bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ tó. Ìbínú lè dúró dọ̀la.

Ní ti ìbẹ̀rù yín pé ọ̀rọ̀ kọ́ńdọ̀mù á dà bí àṣẹ: ìwádìí lórí èyí kò lóǹkà mọ́, UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sì kó wọn jọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2018. Ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ tó péye kì í mú kí ọmọ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ bíi ti ẹni tó ti ń di géńdé. Ẹ sọ fún un pé ẹ rí i, ẹ fi ibi tó yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀ sí hàn án, kí ẹ sì sọ ti yín lórí ìgbà tó yẹ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò yín. Bí kò bá tíì kọlà, ìkọlà máa ń dín ewu kí ọkùnrin kó HIV lára obìnrin kù ní nǹkan bí ìpín 60 nínú 100, ṣùgbọ́n kò rọ́pò kọ́ńdọ̀mù. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé bí ọmọbìnrin bá ní “rárá,” ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ọkùnrin tí mo sọ ọ̀rọ̀ wọn lókè yẹn, ọmọ ọdún 17 ni wọ́n jẹ́ nígbà kan rí.

Fún ọ̀dọ́ tó ti ń ní ìbálòpọ̀, oògùn ìdènà tún wà, oníhóró tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ kan náà ti dé báyìí, lenacapavir, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń gún un. Wọ́n dán an wò lára àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 25 ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, nínú 2,134 tó gbà á, kò sí ẹnì kankan tó kó HIV nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde lọ́dún 2024. Àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i lọ́dún 2025. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àyẹ̀wò ìkọ̀kọ̀ tí ẹ béèrè, mo ní rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, ẹ̀yin àti ilé ìwòsàn ti di ohun tí wọ́n á máa sá fún. Tí èsì bá sì fi HIV hàn, ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ló máa lo oògùn lójoojúmọ́. Ẹ kò lè bá a lò ó ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ sọ ohun tó jẹ́ fún wọn. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe tiyín lọ́jọ́ kan náà, kó má bàa dà bíi pé ọ̀daràn lẹ kó wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìka tí wọ́n ń ṣe kíákíá lè má tíì rí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ. Èyí tí èèyàn ń fi itọ́ ṣe fúnra rẹ̀ nílé náà wà fún ẹni tí ojú ń tì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní òun kò ṣe lónìí, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì gbà, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí èsì bá jáde. Bí ó bá ní nọ́ọ̀sì nìkan tó òun, ẹ dúró síta.